Lẹ́tà Ṣíṣí Sí Ẹ̀yin Olùtẹ̀wé Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: Ẹ Yé Fi Ẹ̀rí Pamọ́ Fún Òǹkàwé

Ẹ̀yin ọ̀gá wa tí ẹ ń tẹ ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ jáde, àti ẹ̀yin olóòtú tí ẹ ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé ọwọ́ wa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀dùn ọkàn ló jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín ní gbangba. Láìpẹ́ yìí ni mo ka àwọn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bíi mélòó kan tẹ̀léra, èyí tó jẹ́ tuntun àti èyí tí ẹ tún tẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan dùn débi pé mo gbàgbé oorun. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló rẹ́ mi jẹ, mo sì fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe rẹ́ mi jẹ, torí mo gbà pé ọwọ́ yín ni àtúnṣe wà. Òǹkọ̀wé lè má rí àléébù iṣẹ́ ara rẹ̀. Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ bá a rí i. Mi ò ní dárúkọ ìwé tó ṣẹ̀ mí, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìwé kan tàbí ilé iṣẹ́ kan.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Ohunkóhun tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìtàn bá fi mọ apànìyàn, kí èmi náà ti fojú kàn án kó tó di pé ó nàka sí i. Bí mo bá rí i tí n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ̀bi tèmi ni, màá sì yin òǹkọ̀wé. Bí ẹ kò bá fi hàn mí rárá, ẹ yàn mí jẹ nìyẹn. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ tò sílẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ yẹn ló dúró lé.

1. Ẹ̀rí tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rí, tí àwa kò rí.

Ibí ló dùn mí jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nínú ọ̀kan lára àwọn ìwé náà, obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan wọ yàrá olóògbé, ó fa dúróà tábìlì, ó bá lẹ́tà kan níbẹ̀. Òǹkọ̀wé sọ àwọ̀ ìwé náà fún wa. Ó sọ bí etí rẹ̀ ṣe ya. Ó ní obìnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó mí kanlẹ̀, ó sì ká a sápò ẹ̀wù rẹ̀. Ohun tó wà nínú lẹ́tà ńkọ́? Àfi ìgbà tí ìwé fẹ́ parí, tí ó kó gbogbo afurasí jọ sí pálọ̀, ni a tó gbọ́ pé olóògbé ti kọ orúkọ ẹni tó ń dún kokò mọ́ ọn síbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ń rò bọ̀ láti ẹ̀yìn wá di asán. Obìnrin yẹn kò gbọ́n jù mí lọ o. Lẹ́tà tí wọ́n fi pamọ́ fún mi ló kà.

Ẹ wá gbọ́ bí ìwé mìíràn ṣe ṣe tirẹ̀. Bàbá àgbà kan wà nínú rẹ̀ tí kò gbọ́ràn dáadáa, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé kò fi ariwo sọ ọ́. Ní orí kejì, nígbà tí wọ́n fẹ́ jẹun, bàbá yìí ní kí ọmọdé kan dìde fún òun ní ìpẹ̀kun bẹ́ńṣì lápá òsì, kí gbogbo èèyàn lè bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún òun. Gbólóhùn kan péré ni, àárín àwíjàre lórí ẹran ni wọ́n sì há a sí. Nígbà tó yá, tí ọlọ́pàá ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu gbogbo ilé, bàbá ní òun ti sùn, òun fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, òun wá gbọ́ tí àwọn méjì ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní yàrá kejì. Mo ka ibẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Ìgbà tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bi bàbá pé etí wo ló fi gbọ́ ọ ni mo tó pariwo. Etí tó ń gbọ́ràn ló fi lé ìrọ̀rí! Mo ṣí ìwé padà sí orí kejì, mo bá gbólóhùn náà níbi tó wà láti ọjọ́ yìí.

Inú mi dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo pàdánù. Bí àlọ́ àpamọ̀ gan-an ló rí. Ẹni tó ní òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́, ti sọ gbogbo ohun tí a fi lè mọ̀ pé ọmọ orógùn ni. Híhó wà níbẹ̀, títorí bọ̀ ọ́ wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ní wọ́n yan òun jẹ.

Èmi kọ́ ni mo dá òfin yìí sílẹ̀. Lọ́dún 1928, S. S. Van Dine, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà, gbé òfin 20 kalẹ̀ fún ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Èyí àkọ́kọ́ nínú wọn ni pé àǹfààní kan náà ni kí òǹkàwé àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní láti tú àdìtú náà. Ní 1929, Ronald Knox, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ mẹ́wàá tirẹ̀. Ó ní apànìyàn gbọ́dọ̀ ti fara hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó ní kò gbọdọ̀ sí májèlé tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí, bẹ́ẹ̀ ni ìbejì kò gbọdọ̀ ṣàdédé yọ lójijì láìjẹ́ pé wọ́n ti múra ọkàn wa sílẹ̀ fún un. Èyí tó kan lẹ́tà inú dúróà yẹn gan-an ni pé, ẹ̀rí tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá rí, ojú ẹsẹ̀ ni kó fi han òǹkàwé. Nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá Detection Club sílẹ̀ ní 1930, ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ náà yóò gbé ọwọ́ lé agbárí òkú, yóò búra pé òun kò ní fi ẹ̀rí pàtàkì pamọ́ fún òǹkàwé láéláé. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ìbátan méjì kan tó ń kọ̀wé lábẹ́ orúkọ Ellery Queen bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìtàn dúró kó tó parí láti 1929. Wọ́n á ní gbogbo ẹ̀rí ti pé síwájú òǹkàwé báyìí, kó wá sọ ẹni tó pa olóògbé. Àyà kì bá tí kò wọ́n láti sọ bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ti kó nǹkan kan pamọ́.

Ẹ má sì sọ pé bí òǹkọ̀wé bá kó gbogbo ẹ̀rí sílẹ̀, kò ní sí ìyàlẹ́nu mọ́. Nígbà tí Agatha Christie, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwé The Murder of Roger Ackroyd jáde ní 1926, àwọn kan bínú pé ó rẹ́ àwọn jẹ. Mo tún un kà láìpẹ́ yìí pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Gbogbo ẹ̀rí ló wà níbẹ̀, ojú wa la kò là. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹni tí kò tíì kà á. Bí ẹ bá sì ní òfin àtijọ́ ni mò ń kà fún yín, ẹ wo Jàpáànì. Láti 1987 tí Ayatsuji Yukito ti gbé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé ibẹ̀ tún gbé irú ìtàn yìí dìde. Wọ́n a tilẹ̀ máa ya àwòrán ilé tí ikú ti ṣẹlẹ̀ sínú ìwé, kí òǹkàwé lè rí ilẹ̀kùn tó kọjú sí ilẹ̀kùn. Ìwé wọn ń tà, wọ́n sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn títí di ìsinsìnyí.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò le. Kí ẹnì kan ní ọ́fíìsì yín tún ìwé kà lẹ́yìn tó ti mọ apànìyàn, kó fa ìlà sí ibi tí ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan ti kọ́kọ́ yọjú. Ẹ̀rí tí kò bá ní ìlà kankan ṣáájú orí tó gbẹ̀yìn, kí ìwé náà padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́.

2. Ẹ̀yìn ìwé àti ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó ń tú àṣírí.

Èyí kò kan òǹkọ̀wé rárá. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ jẹ̀bi rẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé kan pé lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, obìnrin báyìí báyìí bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Mo ra ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọkọ ń bẹ láàyè. Ó ń ṣàwàdà, ó ń tún mọ́tò rẹ̀ ṣe, òun àti àbúrò rẹ̀ ń jà lórí ilẹ̀ ogún. Ìwé ti kọjá ìdajì kó tó kú. Òǹkọ̀wé ti fi sùúrù hun ún kí a lè máa rò pé àbúrò yẹn ni wọ́n fẹ́ pa, kí àyà wa lè já nígbà tí ìbọn bá dún. Tèmi kò já. Láti ojú ìwé kìíní ni mo ti ń wo ọkọ yẹn bí òkú, nítorí pé ẹ ti sọ fún mi.

Ti ìwé àtijọ́ tí ẹ tún tẹ̀ burú ju ìyẹn lọ, òun gan-an ló sì mú mi gbé bírò. Ẹ ní kí ọ̀mọ̀wé kan kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀, mo ń gbádùn rẹ̀ bọ̀, àfi bí mo ṣe dé ìpínrọ̀ kẹta tí ó dárúkọ apànìyàn bí ẹni pé gbogbo ayé ló ti mọ̀ ọ́n. Mo pa ìwé dé. Ẹ lè ní ìwé náà ti pẹ́ nílẹ̀. Lóòótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà á, tuntun ló jẹ́ lójú rẹ̀. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé yẹn lọ sí ìparí ìwé. Kò ní ná yín ní kọ́bọ̀, iye ojú ìwé kò ní yí padà, ọ̀mọ̀wé náà á sì tún rí ẹni tó ti mọ ìtàn bá sọ̀rọ̀.

Ẹ dákun, ẹ yé kọ ọ́ sí iwájú ìwé pé ìparí rẹ̀ yóò dojú ayé rú. Ẹni tí ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún, á máa fura sí gbogbo onínúure tó bá pàdé nínú ìtàn, á sì máa wá ibi tí ilẹ̀ yóò ti yẹ̀ dípò kó máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un.

Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ṣáájú yín mọyì àṣírí. Ní 1929, ilé iṣẹ́ Harper ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n fi ìwé lẹ apá ìparí rẹ̀ pa. Ẹni tó bá lè kà á dé ibi tí wọ́n lẹ̀ pa yẹn, tí kò sì já a, kó dá ìwé padà kó gba owó rẹ̀. Ẹ wo irú ìgboyà yẹn! Ilé iṣẹ́ tó gbà pé ìtàn òun dùn ló ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì nílò láti fi òkú inú rẹ̀ polówó.

3. Ìpayà tí kò ní ìdí.

Àwọn ìtàn kan wà tí kò ní àdìtú púpọ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe ni láti gbé ọkàn ẹni sókè. Mo fẹ́ràn ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ó jọ pé ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé bí a bá ṣe fi nǹkan pamọ́ tó ni ọkàn òǹkàwé yóò ṣe gbé sókè tó. Alfred Hitchcock tó ń ṣe sinimá ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún François Truffaut, onísinimá ọmọ ilẹ̀ Faransé. Bí bọ́ǹbù bá bú lábẹ́ tábìlì láìròtẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 15 ni àyà òǹwòran yóò fi já. Bí òǹwòran bá ti rí i nígbà tí wọ́n gbé bọ́ǹbù náà síbẹ̀, tó sì mọ aago tí yóò bú, ìṣẹ́jú 15 gbáko ni yóò fi máa làágùn, bí àwọn tó jókòó ti tábìlì tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀. Ohun tí a mọ̀ ló ń bà wá lẹ́rù.

Ìwé kan tí mo kà, orí bí ogún nínú rẹ̀ ló parí síbi tí ẹnì kan ti kan ilẹ̀kùn. Tí mo bá ṣí orí tó kàn, aládùúgbò ni. Tàbí ológbò. Tàbí atẹ́gùn. Nígbà tí apànìyàn wá kan ilẹ̀kùn lóòótọ́, mi ò mira, nítorí ẹ ti fi irọ́ kọ́ mi pé kí n má bẹ̀rù ìlẹ̀kùn kíkàn. Obìnrin inú rẹ̀ ní fóònù lọ́wọ́ láti òru mọ́jú, kò pe ẹnikẹ́ni, òǹkọ̀wé kò sì sọ ìdí. Kó máà sí iná lára fóònù, kó jẹ́ pé ọlọ́pàá ló ń bà á lẹ́rù, kó jẹ́ pé ó ń dáàbò bo ọmọ rẹ̀. Ohunkóhun á ṣe, ṣáà jẹ́ ká mọ̀ ọ́n.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí àwọn asọ̀tàn tí a kò lè gbára lé ọ̀rọ̀ wọn. Ìwé Gillian Flynn tó jáde ní 2012 àti ti Paula Hawkins tó jáde ní 2015 tà kárí ayé. Nínú ti Hawkins, ọtí ni kò jẹ́ kí obìnrin tó ń sọ ìtàn rántí alẹ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ìgbàgbé yẹn sì nítumọ̀ nínú ìgbé ayé rẹ̀: ó ń tì í lójú, ó ń jẹ́ kí àwọn èèyàn lè purọ́ mọ́ ọn. Mi ò bá ìyẹn jà. Àwọn tó ń ṣe bíi tirẹ̀ ni mò ń bá wí. Wọ́n á ní asọ̀tàn gbàgbé, wọ́n á ní orí rẹ̀ gbá nǹkan, àfi kí ìrántí dé lọ́jọ́ tí ìwé fẹ́ tán. Lẹ́tà inú dúróà náà ni, agbárí èèyàn ni wọ́n kàn há a mọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

4. Òkú tí kò ṣe bí òkú.

Nínú ìwé kan, dókítà fọwọ́ kan ọwọ́ òkú, ó rí i pé ó ti gan, ó ní aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú lálẹ́ àná ló kú. Orí aago yẹn ni gbogbo ìtàn dúró lé: ẹni tó wà níbòmíràn ní aago mẹ́sàn-án bọ́, ẹni tí kò rí ẹlẹ́rìí há. Bẹ́ẹ̀ ara òkú kì í gan lọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè fi ka ìṣẹ́jú. Ó máa ń tó wákàtí díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, àgbọ̀n àti ọrùn sì sábà máa ń ṣáájú. Ó máa ń tó nǹkan bíi wákàtí 12 kó tó gan jákèjádò, lẹ́yìn náà ara á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ooru ń mú un yá, òtútù ń dá a dúró. Nítorí pé mo mọ èyí, mo rò pé dókítà yẹn ń purọ́, mo sì fura sí i títí ìwé fi parí. Dókítà kò purọ́. Kò sí ẹni tó yẹ ìwé wò ni.

Ti aṣọ tí wọ́n ń fi chloroform, oògùn tó ń mú èèyàn dá kú, rin náà ńkọ́? Wọ́n á fi bo imú èèyàn, á ṣubú kí a tó ṣẹ́jú. Ó máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí èèyàn tó dá kú nípa fífa á símú.

Christie ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń po oògùn ní ilé ìwòsàn nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó mọ májèlé bí ẹni mọ owó. Nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, ìwé ìròyìn àwọn apòògùn, Pharmaceutical Journal, yìn ín pé ó mọ ohun tó ń sọ nípa májèlé, ìyìn yẹn sì dùn mọ́ ọn gidigidi. Gbogbo òǹkọ̀wé kọ́ ló lè ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn. Ẹ̀yin lẹ lè san owó fún ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n kó bá wa kà á. Ẹ̀rí tí kò jẹ́ òótọ́ kò yàtọ̀ sí ẹ̀rí tí a fi pamọ́.

5. “Orí rẹ̀ ló dà rú.”

Mo bẹ̀ yín, ó tó gẹ́ẹ́. Ìwé á wádìí owó, á wádìí ogún, á wádìí ìfẹ́ àti owú, nígbà tó bá yá ni wọ́n á ní ẹni tó pààyàn kò ní ìdí kankan, àrùn ọpọlọ ló ń ṣe é. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí àrùn ọpọlọ ń ṣe kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Àwọn gan-an ni wọ́n sábà máa ń ṣe ní jàǹbá. Àwọn èèyàn yìí náà ń ra ìwé yín, wọ́n sì ń ka ara wọn níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìkà tó wà nínú rẹ̀, ó tún jẹ́ ìyànjẹ: ìwà tí kò ní ìdí, kí ni èmi òǹkàwé fẹ́ fi mọ̀ ọ́n?

Ẹ tún wo àwọn ọmọbìnrin tí òkú wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn. A mọ àwọ̀ irun wọn, a mọ aṣọ tó wà lọ́rùn wọn. A kì í mọ ohun tí wọ́n ń lé láyé, tàbí ẹni tó ń retí wọn nílé.

6. Ìwé tí kò parí.

Mo ra ọ̀kan lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ní mo ti ka ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún, mo sì jókòó dáadáa pé ọ̀rọ̀ ṣì kù. Mo ṣí ojú ìwé, ìtàn ti tán. Ìdá 12 tó kù jẹ́ orí àkọ́kọ́ ìwé mìíràn tí ẹ fẹ́ tà fún mi. Apànìyàn ti sá, orúkọ rẹ̀ di inú apá kejì. Bí ìtàn yóò bá jẹ́ apá méjì, ẹ kọ ọ́ síwájú ìwé kí n tó sanwó. Orí ìwé mìíràn tí ẹ ń so mọ́ ìdí rẹ̀ náà, ẹ má kà á mọ́ iye ojú ìwé tí ẹ ń fi hàn wá.

Mo ń retí èsì yín ní gbangba, bí mo ṣe kọ èyí ní gbangba. Ẹ sọ èyí tí ẹ ó ṣe, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ kò ní ṣe pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Èyí tí kò yẹ kó dúró de ìpàdé kankan ni ti ọ̀rọ̀ ìṣáájú: kí ẹ tó tún fi ìwé àtijọ́ kan ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé, ẹ yọ orúkọ apànìyàn kúrò níwájú rẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan